ÌMỌ́LẸ̀ TÍ KÒ ṢÒFÒ: ÌTÀN LẸ́ŃSÌ, LÁTI BAGHDAD DÉ ORÍ INÁ LED

  



Oṣù Ramadan jẹ́ oṣù tí a máa ń fi òru ṣe ọ̀sán. Lẹ́yìn ìṣínu ni à ń péjọ fún ìrun àṣámù. Bí ó bá sì di ọjọ́ mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn, a ó tún dìde láàrin òru, a ó máa jọ́sìn títí di àsìkò sààrì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú oṣù yìí.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Abaji ṣe ibùgbé mọ èyí dájú. Ìlú yìí ni ẹnu ọ̀nà tí èrò tí ó bá gba Lọ́kọ́ja wá fi ń wọ Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, kí ó tó kan Kwali àti Gwagwalada. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe òfin tí ó dá Agbègbè náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, tí ilé sì ń pọ̀, tí òpó iná náà sì ń pọ̀. Ní òde òní, púpọ̀ nínú àwọn òpó wọ̀nyí ló ń lo agbára oòrùn tí a ń pè ní sólà, gílóòbù LED ló sì wà lórí wọn.

ÀGBÀLÁ TÍ ÌDAJÌ RẸ̀ MỌ́LẸ̀, TÍ ÌDAJÌ RẸ̀ ṢÓKÙNKÙN

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ojú wa ń rí. Àwọn jámáà dáwó, wọ́n ra iná sólà, wọ́n rì í mọ́ àgbàlá mọ́sálásí. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ irun gùn dé ẹ̀yìn, ẹni tí ó dúró sí ìdí òpó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó gbóná janjan. Ẹni tí ó wà ní ìkángun àgbàlá kò rí bàtà tí ó bọ́. Ìyá àgbà tí ó ń lọ ṣe àlùwàlá ń fi ẹsẹ̀ táátáá wá ọ̀nà. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kí a dìde fún ìrun òru, bátìrì ti tán.

Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé: "Iná náà kò tó, ẹ jẹ́ kí á ra èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ." A ó tún dáwó. Èyí tí ó tóbi náà yóò dé, ìdí òpó yóò túbọ̀ dán, ìkángun yóò sì wà bí ó ti wà. Ẹ̀yin ará, ìmọ́lẹ̀ náà tó. Ibi tí ó ń lọ ni kò tọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó tọ́ ọ sọ́nà ni lẹ́ńsì, èyíinì ni gíláàsì tàbí ọ̀rá líle tí a gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi darí ìtànṣán sí ibi tí a fẹ́. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àlejò nínú ìtàn àwa Mùsùlùmí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí á padà sí orísun náà.

FÌTÍLÀ, GÍLÁÀSÌ ÀTI IHÒ INÚ ÒGIRI

Nínú Súúrà An-Nur, ní àáyà 35, Ọlọ́hun fi ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ ṣe àkàwé: Ó dárúkọ ihò inú ògiri tí a ń gbé fìtílà sí, Ó dárúkọ fìtílà, Ó dárúkọ gíláàsì tí ó yí i ká, àti òróró igi ólífì tí ń tàn án. Àkàwé ìmọ̀nà ni àáyà yìí. A kò gbọdọ̀ sọ pé ó wá láti kọ́ wa ní iṣẹ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ìgbà àtijọ́ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, ní nǹkan bí ọdún 1300 sí 1400, nígbà ìjọba àwọn Mamluk ní Cairo, wọ́n ń kọ apá kan nínú rẹ̀ sí ara fìtílà gíláàsì tí wọ́n ń so rọ̀ nínú mọ́sálásí. Díẹ̀ nínú àwọn fìtílà náà ṣì wà títí di òní nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, fìtílà ni àwọn bàbá wa lò. Nígbà tí wọ́n ṣí Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó ní ọdún 1894, iná mọ̀nàmọ́ná kò tíì dé Èkó. Ọdún 1896 ni ó tó dé. Ẹni tí ó bá ti fi fìtílà ka wàláà rí mọ̀ pé ibi tí a gbé fìtílà sí ṣe pàtàkì bí òróró inú rẹ̀.

BAGHDAD: IBN SAHL RÍ ÒFIN ÌMỌ́LẸ̀

Bí a bá ki igi bọ inú igbá omi, yóò dà bí ẹni pé igi náà ṣẹ́. Kò ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti inú omi jáde sí afẹ́fẹ́ ni ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bákan náà ni ó ń yà bí ó bá ń wọ gíláàsì tàbí tí ó ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Ptolemy, onímọ̀ kan ní Alẹkisáńdíríà, ti wọn yíyà yìí ní nǹkan bí 800 ọdún ṣáájú àkókò tí à ń wí yìí, ṣùgbọ́n òfin tí ó bá a mu gẹ́lẹ́ kò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bọ́ sí lọ́wọ́ ni Abu Sa'd al-'Ala' ibn Sahl, onímọ̀ ìṣirò kan ní Baghdad. Ní nǹkan bí ọdún 984, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 374 lẹ́yìn Hijra, ó kọ ìwé kan lórí dígí àti lẹ́ńsì tí a lè fi kó ìtànṣán oòrùn jọ láti fi jó nǹkan. Ó fi ìlà yà á pé ìwọ̀n kan wà láàrin bí ìtànṣán ṣe rìn nínú gíláàsì àti bí ó ṣe rìn nígbà tí ó bọ́ sí afẹ́fẹ́, àti pé ìwọ̀n náà kì í yí padà fún irú gíláàsì kan náà, bí ó ti wù kí ìtànṣán náà dagun tó.

Kò dúró síbẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí mo bá fẹ́ kí gbogbo ìtànṣán tí ó wọlé pàdé ní ojú kan ṣoṣo, irú ojú wo ni kí n gbẹ́ fún gíláàsì? Ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì rí i pé yíyí roboto bí ìdajì ọsàn kò tó. Ojú kan tí ó tẹ̀ lọ́nà mìíràn, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní hyperbola, ni yóò ṣe é. Ẹ kíyè sí i: Ibn Sahl kọ́kọ́ pinnu ibi tí ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni ó wá ojú gíláàsì tí yóò gbé e lọ síbẹ̀. Títí di òní olónìí, ọ̀nà tí àwọn tí ń ṣe lẹ́ńsì iná LED ń gbà ronú nìyẹn.

Ó ṣe ni láàánú pé ìwé náà fọ́n ká. Apá kan rẹ̀ wà ní Damascus, apá kan wà ní Tehran, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìwé kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1990 ni Roshdi Rashed, òpìtàn sáyẹ́ǹsì kan tí ó jẹ́ ọmọ Íjíbítì, fi han gbogbo ayé pé ọwọ́ Ibn Sahl ti tẹ òfin yìí. Kí ó tó di ìgbà náà, Willebrord Snell ará Họ́láńdì, tí ó rí òfin náà ní ọdún 1621, ni gbogbo ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń fún ní ògo. Snell kò jí i. Òun náà ṣe wàhálà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ju 600 ọdún lọ tí ti Baghdad fi ṣáájú.

CAIRO: IBN AL-HAYTHAM ÀTI ÀWỌN FÌTÍLÀ RẸ̀

Abu Ali al-Hasan ibn al-Haytham ni a bí ní ìlú Basra ní ọdún 965, èyíinì ni ọdún 354 lẹ́yìn Hijra. Àwọn òpìtàn sọ pé ọba al-Hakim ní Íjíbítì pè é láti wá bá òun ṣe àtúnṣe sí omi odò Náílì. Nígbà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí odò náà, ó mọ̀ pé agbára ìgbà náà kò ká a. Nítorí ìbẹ̀rù ọba, wọ́n ní ó ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, a sì sé e mọ́lé títí ọba fi kú ní ọdún 1021. Láàrin àkókò yìí ni ó kọ ìwé ńlá rẹ̀, Kitab al-Manazir, tí ó jẹ́ apá méje, lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran.

Ohun tí ó gbé e ga ni pé kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìdán an wò. Ó to fìtílà púpọ̀ sí ọ̀gangan ihò kékeré kan tí ó wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Lára ògiri yàrá náà, ó rí ààmì ìmọ́lẹ̀ mélòó kan, iye wọn sì bá iye fìtílà mu. Nígbà tí ó bo fìtílà kan, ààmì tirẹ̀ nìkan ni ó pòórá. Bí ó ti ṣí i, ààmì náà padà. Ó fi èyí hàn pé ìtànṣán ń rìn tààrà, pé ọ̀kan kì í da èkejì rú bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ojú ihò kan náà kọjá. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í rìn ségesège fúnra rẹ̀, a lè ṣe ìṣirò rẹ̀, a sì lè darí rẹ̀.

Wọ́n tú ìwé rẹ̀ sí èdè Látìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Basel ní ọdún 1572. Ní ọdún 2015, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìmọ́lẹ̀, orúkọ Ibn al-Haytham wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n gbé lárugẹ jù lọ.

LÁTI ETÍKUN FARANSÉ DÉ DAKAR

Àwọn ará Yúróòpù gba ìmọ̀ yìí, wọ́n sì fi kún un. Ní ọdún 1760, Johann Heinrich Lambert gbé ìwé kan jáde lórí wíwọn ìmọ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ohun tí ń tàn lójú pẹrẹsẹ ṣe máa ń tan ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí iwájú tí ó sì ń dín kù sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe gbàgbé Lambert. A óò tún pàdé rẹ̀ lórí òpó iná wa.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Augustin Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún láti tún àwọn ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ṣe. Gíláàsì ńlá ki jù, ó wúwo jù, ó sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Fresnel gé gíláàsì náà sí òrùka-òrùka, ó yọ ibi tí kò ṣiṣẹ́ kúrò, ó fi ojú tí ń darí ìtànṣán nìkan sílẹ̀. Ní ọdún 1823 ni wọ́n gbé lẹ́ńsì rẹ̀ sí ilé iná Cordouan. Ọgbọ́n náà tan dé etíkun Áfíríkà: ní ọdún 1864 ni wọ́n kọ́ ilé iná Mamelles ní Dakar, tí ó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní orí ilẹ̀ tí ó yọ jù sínú òkun ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Fìtílà kan ṣoṣo, tí a fún ní lẹ́ńsì tí ó yẹ, ni atukọ̀ ń rí láti ọ̀nà jíjìn.

BÍ INÁ LED ṢE DÉ

Ní ọdún 1907, Henry Round, ará Bìrìtéènì, ṣàkíyèsí pé òkúta kékeré kan tí ó fi iná mọ̀nàmọ́ná sí ń tàn díẹ̀díẹ̀. Oleg Losev ní Rọ́ṣíà ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1927. Ní ọdún 1962, Nick Holonyak ní Amẹ́ríkà ṣe LED pupa tí ojú lè rí. Èyí tí ó ṣòro jù ni aláwọ̀ búlúù, nítorí pé láìsí i, a kò lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, àwọn ọmọ Jàpáánù mẹ́ta, ni wọ́n yanjú rẹ̀ láàrin ọdún 1986 sí 1993; wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2014. Bí a bá fi èròjà aláwọ̀ òféèfé bo LED búlúù, funfun ni yóò tàn.

Lónìí, LED wátì 9 ń ṣe iṣẹ́ tí gílóòbù àtijọ́ ń fi wátì 60 ṣe. Fún ìlú tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń wọ́n, oore ńlá ni èyí. A máa ń gún iyán nínú odó, a sì máa ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà. Ẹni tí yóò yó, yóò yó. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kékeré gba kí ẹni tí ń bù ú mọ pínpín.

IṢẸ́ TÍ LẸ́ŃSÌ Ń ṢE

Ojú pẹrẹsẹ kékeré ni LED, ó sì ń tàn gẹ́lẹ́ bí Lambert ti wí. Ẹ jẹ́ kí á gbé e sórí òpó tí ó ga ní mítà 6, kí ó dojú kọ ilẹ̀, láìsí lẹ́ńsì. Bí a bá pe ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí ìdí òpó ní 16, èyí tí ó dé ibi tí ó fi mítà 6 jìnnà sí ìdí òpó kò ju 4 lọ. Bí a bá rìn dé mítà 10 àti díẹ̀, 1 péré ni ó kù. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà jìn sí i, ìtànṣán dagun bọ́ sílẹ̀, LED fúnra rẹ̀ kò sì tàn púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó para pọ̀ fi ìyà jẹ ẹni tí ó wà ní ìkángun.

Ẹ tún wò ó báyìí. Ìdajì gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà ni ó bọ́ sínú agbo tí ó yí ìdí òpó ká dé mítà 6. Ilẹ̀ tí ó wà láti ibẹ̀ dé mítà 10 àti díẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì agbo àkọ́kọ́, síbẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó rí gbà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù ni a fún ní díẹ̀ jù.

Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe lẹ́ńsì ni láti tún ìpín yìí pín. Yóò pín ìmọ́lẹ̀ LED sí wẹ́wẹ́, yóò pín ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, yóò sì so ìpín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìpín ilẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ní ojú kọ̀ọ̀kan lára lẹ́ńsì, yóò lo òfin Ibn Sahl láti mọ bí ojú náà ṣe gbọ́dọ̀ dagun. Kí ilẹ̀ tó lè mọ́lẹ̀ dọ́gba dé mítà 10 àti díẹ̀ yẹn, ìtànṣán tí ó kọjú sí ìkángun gbọ́dọ̀ lágbára ní ìlọ́po mẹ́jọ èyí tí ó kọjú sí ìdí òpó. Nítorí náà ni àárín lẹ́ńsì iná òpópónà fi máa ń tẹ̀ wọlé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì máa ń wú jáde bí ẹ̀pà oníhóró méjì. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ìṣirò náà báyìí, a sì ń fi ọ̀rá líle tí ó mọ́ gaara yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ.

A gbọ́dọ̀ sọ òdodo: lẹ́ńsì kì í dá ìmọ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ méjèèjì ń dá nǹkan bí 8 nínú 100 padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ń ṣòfò nígbà tí kò sí. Lẹ́ńsì tí a kò sì ṣe dáadáa lè darí ìtànṣán sí ojú awakọ̀ tàbí sí ojú ọ̀run, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kírun.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Èkíní, Súúrà Al-Isra kọ ìnákúnàá fún wa. Ìnákúnàá kì í ṣe ti owó àti oúnjẹ nìkan. Owó jámáà ni sólà mọ́sálásí, amáánà ni. Ẹni tí ó bá ra iná láìwò bí yóò ṣe tàn, tí bátìrì ń tán lóru nítorí ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní, kí ó mọ̀ pé amáánà ni ó fi ṣòfò.

Èkejì, kí á tó sanwó, ẹ má ṣe béèrè iye wátì nìkan. Ẹ béèrè bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn ká àti bí òpó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn tó. Bí a bá ti gbé e dúró, kí ẹnì kan mú Kùráánì dání lóru, kí ó rìn láti ìdí òpó kan dé ìdí èkejì. Bí ó bá lè kà á láìdúró láàrin méjèèjì, iná náà dára. Bí ìwé bá ṣókùnkùn mọ́ ọn lọ́wọ́ láàrin, ẹ pe oníṣẹ́ padà. Ẹ sì máa nu lẹ́ńsì náà nígbà ọyẹ́, nítorí eruku ọyẹ́ ń dí ojú rẹ̀, ó sì ń bo pákó sólà pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú kéú. Ibn al-Haytham kò rí ìjà láàrin méjèèjì. Kò yẹ kí ọmọ tí ń kàwé lábẹ́ òpó iná ní Abaji máa rò pé ìmọ̀ òkè òkun nìkan ni ó wà lókè orí òun, nígbà tí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìṣirò rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí kan ní Baghdad wá.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó gbẹ̀yìn. Mọ́sálásí jẹ́ ibi tí olówó àti tálákà ti ń fi èjìká kan èjìká. Kò bójú mu kí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ máa ṣe ojúsàájú fún ẹni tí ó tètè dé ìdí òpó. Ìyá àgbà tí ó wà ní ẹ̀yìn, àti ọmọdé tí ó wà ní ìkángun, ní ìpín nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa àti ìdìde òru wa. Kí Ó foríjin àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n ti lọ, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní irú ìmọ̀ wọn. Kí Ó fi ìmọ́lẹ̀ sí ọkàn wa, sí ilé wa àti sí sàréè àwọn òbí wa. Àmín, yaa Rabbal aalamiin.